Fọ́ọ̀mù N-400 lórí sáìtì USCIS: ó dáa, àmọ́ ẹ ka ọdún mẹ́ta yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní green card tí ọkọ tàbí ìyàwó yín sì jẹ́ sítísìn Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín: ọdún márùn-ún ni gbogbo èèyàn ń lò lórí green card kí wọ́n tó lè béèrè láti di sítísìn, àmọ́ ẹ̀yin lè gba ọ̀nà ọdún mẹ́ta. Orí sáìtì USCIS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ìwé àwọn àjèjì, la ti fi N-400 ìyàwó mi ránṣẹ́, ìyẹn fọ́ọ̀mù téèyàn fi ń béèrè láti di sítísìn, a ò gba lọ́yà, a ò sanwó fún ẹnikẹ́ni pé kó bá wa kọ ọ́, gbogbo ẹ̀ sì lọ geere títí tó fi búra di sítísìn. Tí wọ́n bá ní kí n fún iṣẹ́ wọn ní máàkì, 4 nínú 5 ni màá fún un. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí mo fi yọ ọ̀kan, torí ibẹ̀ gan-an lowó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò.

Fọ́ọ̀mù yẹn fúnra ẹ̀ ò le. Ẹ máa ṣí ákáǹtì, ẹ máa dáhùn ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá sú yín ẹ lè pa á tì kẹ́ ẹ padà wá, ó máa bá yín tọ́jú ohun tẹ́ ẹ ti kọ fún 30 ọjọ́ látìgbà tẹ́ ẹ ti fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. 710 dọ́là ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó bá jẹ́ bébà lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ 760 ni, tí owó tó ń wọlé sílé yín ò bá sì pọ̀, ètò 380 dọ́là wà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń sanwó tán báyìí, rìsíìtì ti wà nínú ákáǹtì. Ibi tó gbà wá lásìkò jù ni ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìrìn àjò téèyàn ti rìn jáde ní Amẹ́ríkà. Ìyàwó mi da pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ méjèèjì, ti tuntun àti èyí tó ti kú, sórí tábìlì, ó ń wo sítáǹbù ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, èyí tí íǹkì ẹ̀ ti parẹ́ ó lọ wá tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ nínú ímeèlì. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ má fi orí kọ ọjọ́ ìrìn àjò.

Ó yá, máàkì tí mo yọ. Sáìtì náà ní nǹkan tí wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ téèyàn lè tètè fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, torí òfin gbà pé tó bá ku 90 ọjọ́ kí ọdún yín pé, ẹ lè fi sílẹ̀. Àmọ́ ti green card nìkan nìyẹn ń bá yín kà. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà ọdún mẹ́ta, nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé ọdún mẹ́ta: green card yín, ìgbéyàwó yín pẹ̀lú pé ẹ jọ ń gbé, àti ọdún tí ẹnì kejì yín ti fi jẹ́ sítísìn. Àǹfààní 90 ọjọ́ yẹn ò kan méjì tó kẹ́yìn o, àwọn yẹn gbọ́dọ̀ ti pé ọdún mẹ́ta gbáko lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀.

Ẹ wo tiwa. Green card lèmi náà ní nígbà tí mo ṣe ìwé ìyàwó mi, òun náà gba green card tiẹ̀, ó tó nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn kí n tó búra di sítísìn. Bọ̀dá kan tó máa ń gbowó bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, gba káàdì ìyàwó mi, ó wo ọjọ́ tó wà lábẹ́ "Resident Since", ó ní ọdún mẹ́ta ti ń pé, ká mówó wá. Ìyàwó mi ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ò ní wo sátífíkéètì tí ọkọ mi gbà nígbà tó di sítísìn ni?" Ó ní "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, kò pọn dandan." Ó pọn dandan! Ká ní a ti gbọ́ tiẹ̀ ni, wọ́n á dá fọ́ọ̀mù yẹn nù, USCIS kì í sì í dá owó fọ́ọ̀mù padà. Inú bí mi gan-an, torí mo mọ̀ pé àwọn tó máa gbọ́ tiẹ̀ wà níta, àwọn míì sì lè yá owó yẹn ni. A gbé sátífíkéètì mi jáde, a ka ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ tí mo búra, ìgbà yẹn la tó fi ránṣẹ́. Green card ìyàwó mi ti lé ní ọdún mẹ́rin nígbà yẹn.

Nǹkan tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni máa ṣàlàyé nìyí o: tó bá jẹ́ pé ó ti tó ọdún méjì tẹ́ ẹ ti gba green card kí ẹnì kejì yín tó búra, ọ̀nà ọdún mẹ́ta ò ṣe yín láǹfààní kankan, torí ọdún márùn-ún tí gbogbo èèyàn ń lò, tẹ́ ẹ bá yọ 90 ọjọ́ kúrò níbẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ dé. Bákan náà ni tọkọtaya tí wọ́n jọ jẹ lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà, kí kálukú yáa fi tiẹ̀ sílẹ̀ lórí ọdún márùn-ún. Tí ẹnì kejì yín bá sì ṣì wà lórí green card, ọdún márùn-ún náà ni. Green card ọlọ́dún méjì tí wọ́n ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó wà nínú ọdún tí wọ́n ń kà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí I-751, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yọ májẹ̀mú ọdún méjì kúrò lórí green card náà, bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, kí káàdì yẹn tó kú lẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀, nínú 90 ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ẹni tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé ọkọ tàbí ìyàwó ẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun, òfin tiẹ̀ yàtọ̀, kò ní dúró de ọdún kankan.

Nínú ọdún mẹ́ta yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ ti lo oṣù 18 ní Amẹ́ríkà, kẹ́ ẹ sì ti gbé oṣù mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ ti ń fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ìrìn àjò tó bá lé ní oṣù mẹ́fà máa dá ìbéèrè sílẹ̀, èyí tó bá tó ọdún kan máa ń já kíkà yín.

Ọ̀nà ọdún mẹ́ta ń béèrè ẹ̀rí ju tọdún márùn-ún lọ. Ìwé owó orí ni ọ̀gá tó ṣe íntàfíù ìyàwó mi kọ́kọ́ béèrè, ẹ mú ìwé báńkì tó lórúkọ yín méjèèjì dání, ìwé ilé, ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ. Ìgbéyàwó yẹn gbọ́dọ̀ ṣì wà títí di ọjọ́ ìbúra, tó bá tú kó tó dìgbà yẹn, ẹ padà sí ọdún márùn-ún nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀yin tí wọ́n ń lù nílé tàbí tí wọ́n ń fìyà jẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ìwé dúró síbẹ̀ o! Òfin ní ọ̀nà ọdún mẹ́ta kan tó lè jẹ́ tiyín, tí kò ní béèrè pé kẹ́ ẹ ṣì máa bá onítọ̀hún gbé. Ẹ wá lọ́yà tó mọ̀ nípa ẹ̀.

Ní ti ìdánwò lórí ìtàn àti ìjọba Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fi N-400 sílẹ̀ láti 20 October 2025, ìbéèrè 128 ló máa kà, wọ́n lè bi í tó 20, ó gbọ́dọ̀ gba 12. Gbogbo ẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí sáìtì yẹn, ẹ má ra ìwé kankan.

Ẹni tí ọlọ́pàá bá ti mú rí, tàbí tó jẹ owó orí, tàbí tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi, kó kọ́kọ́ rí lọ́yà kó tó tẹ nǹkan kan. Ẹ̀yin tó kù, ẹ gbé sátífíkéètì ẹnì kejì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ green card yín, ẹ wo ọjọ́ méjèèjì, kẹ́ ẹ tó ṣí ákáǹtì.