OCXO, rubidium, GPSDO: èwo ni kí ẹ náwó lé?

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni àbúrò mi kan tó ń ṣe ham radio n'Íbàdàn pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó díẹ̀ ti jọ sí mi lọ́wọ́, mo fẹ́ ra rubidium. Wọ́n ní òun ló péye jù." Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun fẹ́ máa gbọ́ sátẹ́láìtì QO-100, òun sì fẹ́ kí counter tí òun fi ń ka fíríkúẹ́ńsì máa sọ òtítọ́ fún òun. Mo ní kó dúró ná. OCXO, rubidium àti GPSDO jẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú fíríkúẹ́ńsì tó péye jáde, kí rédíò àti counter lè fi ṣe òṣùwọ̀n. Rubidium kì í ṣe ọjà burúkú, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n èyí tó péye jù láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan kọ́ ló péye jù láàárín oṣù kan, èyí tó sì dáa jù nínú yàrá tí iná kì í lọ lè má wúlò fún ẹni tí iná ìlú rẹ̀ ń ṣe ségesège.

Ẹ wo bí àṣìṣe kékeré ṣe ń di ńlá. QO-100 ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí nǹkan bí 10.489 GHz. Bí LNB yín (ẹ̀rọ ojú àwo tó ń gba àmì sátẹ́láìtì) bá fi 1 nínú mílíọ̀nù ṣìnà, 10 kHz nìyẹn lórí rédíò. Ohùn ènìyàn lórí SSB, ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ tí àwọn oníham ń lò, kò gbà ju nǹkan bí 2.7 kHz lọ, nítorí náà ẹ ti kọjá ilé ẹni tí ẹ ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó fura. Bí àṣìṣe náà bá jẹ́ 1 nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá, Hz 1 péré ni. Ibẹ̀ ni a ń lọ.

Ohun tó wà nínú wọn

Quartz inú aago ọwọ́ ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, aago bẹ́ẹ̀ sì lè fi nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 yára tàbí kó fi falẹ̀ lóṣù kan. Ooru àti òtútù ló ń dà á láàmú jù. OCXO jẹ́ quartz tí wọ́n gbé sínú ààrò kékeré, tí wọ́n sì mú ooru ààrò náà dúró lójú kan, nǹkan bí 80 dígírì, kí ọ̀sán gangan tàbí òtútù ọyẹ́ má baà rí i gbé ṣe. Èyí tí ẹ máa bá pàdé jù lọ́jà tòkunbọ̀ ni HP 10811 àti Morion MV89A tí wọ́n ṣe ní Rọ́ṣíà, èyí tó ní ààrò nínú ààrò.

Rubidium náà ní quartz nínú, àmọ́ wọ́n fi alábòójútó tì í. Iná kékeré kan tí rubidium wà nínú rẹ̀ ń tàn gba inú ìgò kan tí òyì rubidium-87 kún inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n á máa fi ìgbì rédíò gbá ìgò yẹn. Nígbà tí ìgbì náà bá bọ́ sójú ẹ̀ gan-an, nǹkan bí 6,834,682,610 Hz, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde á ṣú díẹ̀. Ẹ̀rọ á máa wá ibi tó ti ṣú yẹn, á sì máa fa quartz lọ síbẹ̀. Láti orí òpó tẹlifóònù tí wọ́n tú palẹ̀ ni LPRO-101 àti FE-5680A tí a ń rà ti wá.

Ní ti GPSDO, ojú ọ̀run ni alábòójútó wà. Àwọn sátẹ́láìtì GPS gbé aago átọ́ọ̀mù sára, àwọn ará ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ń ṣọ́ aago wọ̀nyẹn láti ilẹ̀ tọ̀sán-tòru. Rísífà yín á máa lu agogo kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á fi ìyẹn wé quartz tirẹ̀, á sì máa rọra tọ́ ọ sọ́nà.

Ìṣẹ́jú-àáyá kan, oṣù kan

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ra ọjà tí kò bá iṣẹ́ wọn mu. Agogo tí rísífà GPS ń lù kì í bọ́ sójú kan náà. Ó lè fi ogún nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá ṣáájú lónìí, kó fi rẹ́yìn nígbà tó tún lù. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àṣìṣe ńlá nìyẹn: OCXO tòkunbọ̀ tó dáa á fi í sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Ṣùgbọ́n àṣìṣe yẹn kì í pọ̀ sí i. Lẹ́yìn odindi ọjọ́ kan, ogún náà ló ṣì jẹ́, ẹ wá pín in sí ìṣẹ́jú-àáyá 86,400: kò tó 1 nínú ẹgbẹ̀rún bílíọ̀nù mọ́.

Quartz ní tirẹ̀ ń darúgbó. Ohun tí àwọn tó ṣe HP 10811 ṣèlérí ni pé kò ní ju 5 nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá lọ lójúmọ́ lẹ́yìn tó bá ti gbóná délẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ogún ọjọ́ láìtún un ṣe, ó lè di 1 nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Lórí 10 GHz, 100 Hz nìyẹn. Rubidium wà láàárín àwọn méjèèjì: tirẹ̀ kì í sábà ju 5 nínú ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù lọ fún odindi oṣù.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn GPSDO tó ní OCXO gidi nínú. Quartz ló ń ṣọ́ ìṣẹ́jú-àáyá, sátẹ́láìtì ló ń ṣọ́ oṣù. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo GPSDO ló ní ààrò nínú. Èyí kékeré tí Leo Bodnar ń ṣe n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń fi USB jẹun, tó sì ń jẹ́ kí ẹ yan fíríkúẹ́ńsì tó bá wù yín, dáa gan-an fún LNB àti counter. TCXO (quartz tí kò ní ààrò, tí wọ́n kàn ń ṣàtúnṣe ipa ooru lára rẹ̀) ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà bí áńtẹ́nà bá já, kò lè di ojú ọ̀nà mú pẹ́. Trimble Thunderbolt tòkunbọ̀ ní OCXO tirẹ̀ nínú, ó sì máa ń gbìyànjú fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ṣùgbọ́n +5, +12 àti -12 fólítì ló ń béèrè, ẹ sì ní láti wá ibi tí ẹ ti máa rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìsí ariwo nínú iná náà.

Bí iná bá lọ

OCXO ni iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ń pa lára jù. Bí ààrò bá tutù, tó tún gbóná, quartz kì í padà sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an, ó sì lè gbà á ní ọjọ́ mélòó kan kó tó fìdí kalẹ̀. Bí iná yín bá ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ tí kò sí bátìrì, ẹ ò tíì ní OCXO rárá, ààrò lásán lẹ ní. GPSDO náà á tutù, àmọ́ sátẹ́láìtì á tún un ṣe láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án. Rubidium ló ń tètè jí jù: LPRO mi á di ojú ọ̀nà mú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Iná tí rubidium ń jẹ sì ńkọ́? LPRO fẹ́ fólítì 24, ó lè gbà tó áńpù 1.7 nígbà tó bá ń gbóná, kó tó wá rọlẹ̀ sí nǹkan bí wáàtì 12. Fún odindi ọ̀sán àti òru, wáàtì-wákàtí 288 nìyẹn, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá mẹ́rin bátìrì fólítì 12 tó jẹ́ 100 Ah. OCXO á jẹ wáàtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré tó bá ti gbóná tán. Ẹ má so MV89A mọ́ bátìrì inverter ní tààrà nítorí pé fólítì 12 ló wà lára àwọn méjèèjì. Bátìrì tó ń gba iná lè gòkè kọjá 14, quartz yín á sì máa bá a gòkè sọ̀ kalẹ̀. Èmi ń mú fólítì 19 láti ara ṣájà láptọ́ọ̀pù, mo wá ń fi regulator sọ ọ́ di 12.

Mo ní láti sọ ti rubidium àkọ́kọ́ tí mo rà. Ó dé, mo tan án, ó di ojú ọ̀nà mú, inú mi dùn. Mo gbé e lé orí pákó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, tó bá ti di aago méjì ọ̀sán, á já. Lálẹ́, á tún mú. Mo ti ń bínú sí ẹni tó tà á fún mi kí n tó fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, mi ò lè gbé ọwọ́ lé e fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Irin gidi ló yẹ kí n dè é mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo dè é mọ́ irin ńlá tó ní ìyẹ́, mo fi fáànù kékeré tì í, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Iná rubidium tó wà nínú rẹ̀ náà máa ń gbó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà wọn fólítì tó wà lẹ́sẹ̀ tó ń sọ ìlera iná náà, kó sì fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe é, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀.

Páànù, wáyà DStv àti ojú ọ̀run wa

GPSDO kò ní ṣiṣẹ́ lábẹ́ páànù. Bẹ́ẹ̀ ni, ìgbà míì á rí sátẹ́láìtì méjì láti ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n ẹ̀rìn-ín níí pa ẹni bó bá yá láti wo agogo tó ń lù. Ẹ gbé áńtẹ́nà lọ sókè ilé, níbi tó ti ń rí ọ̀run yíká. Ẹ má náwó lé wáyà olówó ńlá: wáyà RG-6 tí wọ́n fi ń so àwo DStv á ṣe é dáadáa. Mítà kan wáyà yẹn ń fi nǹkan bí mẹ́rin nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá dá agogo dúró, ẹ lè sọ fún rísífà kó yọ ọ́ kúrò. Mànàmáná wa kò ṣe é fojú di, nítorí náà ẹ fi arrester sí i, kí ẹ sì ri wáyà rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn ìtọ́ni tí wọ́n kọ ní Yúróòpù kì í sábà mẹ́nu bà. Ìlà agbede-méjì òòfà ayé gba òkè Nàìjíríà kọjá, a sì ń gbé lábẹ́ apá ionosphere (ìpele òkè ọ̀run tí àmì sátẹ́láìtì ń gbà kọjá) tó máa ń ru gùdù lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, pàápàá ní àyíká oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án. Àmì sátẹ́láìtì á máa ṣẹ́jú láàárín aago mẹ́jọ alẹ́ sí ọ̀gànjọ́. Nílé mi, wákàtí yẹn ni ìlà tó ń fi agogo hàn máa ń di gbágungbàgun. Níbí, OCXO tó dáa nínú GPSDO kì í ṣe fáàrí, òun ló ń gbé wa kọjá alẹ́. Rísífà tó ń gba fíríkúẹ́ńsì méjì bíi u-blox ZED-F9T lè yọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìdádúró ionosphere kúrò, ó kàn wọ́n ni.

Bí ẹ bá ń ra Thunderbolt, ọjọ́ tó ń fi hàn máa ṣì. Látìgbà tí oṣù keje ọdún 2017 ti ń parí lọ ni ó ti sọ ọ̀sẹ̀ 1,024 nù nínú kíkà ọjọ́ rẹ̀. Fíríkúẹ́ńsì 10 MHz tó ń mú jáde kò ní àbùkù kankan. Sọ́fítíwià Lady Heather lè tún ọjọ́ náà kà.

Ẹni tó fẹ́ aago kọ̀ǹpútà nìkan

Kò yẹ kí ẹ ra èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí. Rísífà GPS NEO-6M kékeré tí àwọn ọmọ Arduino ń lò, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi àti chrony, sọ́fítíwià tó ń tún aago kọ̀ǹpútà ṣe, tó. Lára ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù rẹ̀, wọn ò mú ẹsẹ̀ PPS, ìyẹn agogo ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan yẹn, jáde. Iná LED kékeré tó ń ṣẹ́jú yẹn ni PPS gan-an. Ẹ rọra fi sọ́dà so wáyà tín-ín-rín kan mọ́ ibẹ̀.

Aago ògiri tí wọ́n ní rédíò ń tún ṣe, tí ẹ̀gbọ́n yín rà ní London? Àmì 60 kHz láti Anthorn n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dé ọ̀dọ̀ wa, 77.5 kHz ti Jámánì náà kò dé. Quartz lásán ló máa jẹ́ níbí.

Cesium, aago átọ́ọ̀mù mìíràn, sì ńkọ́? Láti 1967 ni wọ́n ti fi ìgbà 9,192,631,770 tí ìgbì rẹ̀ ń gbọ̀n sọ ohun tí ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́. Ní 2005, Tom Van Baak, ẹnì kan tó fẹ́ràn aago, gbé cesium mẹ́ta sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sórí òkè Rainier l'Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n padà sílé, aago wọ̀nyẹn ti ṣáájú àwọn tó wà nílé pẹ̀lú nǹkan bí 22 nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá, bí Einstein ṣe ní yóò rí fún aago tó bá wà lókè. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gidigidi. Ṣùgbọ́n túùbù cesium máa ń tán, èyí tí ẹ máa rí ní tòkunbọ̀ sì lè ti tán.

Àbúrò mi ra GPSDO tó ní OCXO, ó fi owó tó kù ra bátìrì. Ọjọ́ Sátidé la máa gun òrùlé. Mo ti sọ fún un kó tan án fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko kó tó fi tún counter rẹ̀ ṣe, kó sì gbé rubidium tèmi lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin ká fi wọ́n wéra.