Yàrà Erédò l'Òkè-Ẹ̀rí: owó tí mo jà lé lórí àti ẹ̀yìn tó pọn Màmá mi

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni ọkùnrin tó ń mú àlejò wọ yàrà Erédò kọ́kọ́ pè fún èmi àti Màmá mi. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni wá o." Kò dá mi lóhùn, ó ń yẹ ojú àdá rẹ̀ wò. A yọwó títí, ó gbà á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Mo sanwó tán, ó tún ní ti àwọn ọmọ àdúgbò wà lọ́tọ̀! Inú bí mi gan-an, mo ní ká máa lọ sílé. Màmá ló kọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ ìtàn Bílíkísù Sùǹgbọ́, obìnrin olówó tí ìtàn ní ó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà náà, wọn ò fojú kan yàrà náà rí.

Kò sí pátákó kankan tó júwe ọ̀nà. Inú igbó la gbà, àfi bí ilẹ̀ ṣe já lójijì níwájú wa. Mo dúró létí rẹ̀, mo wo ìsàlẹ̀, àyà mi là gààrà. Ibi tó jìn jù lára Erédò tó ogún mítà, gbogbo rẹ̀ sì yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà. Ọwọ́ ni àwọn baba ńlá wa fi gbẹ́ ẹ, láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Nísàlẹ̀, òtútù mú wa. Mo fi ìka họ ara ògiri: ewé wẹ́wẹ́ tó rọ̀ bí òwú ló bò ó, amọ̀ pupa ló wà lábẹ́, ó dán bí inú ìkòkò. Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ìgbà tá a fẹ́ gòkè padà ni wàhálà dé. Òjò ti rọ̀ lóru, ilẹ̀ ń yọ̀, orúnkún Màmá kọ̀. Ọkùnrin yẹn fi àdá gé ojú ẹsẹ̀ sára ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, ó ń fa gbòǹgbò igi bóyá yóò já. Ó padà wá lóṣòó. "Ìyá, ẹ gun ẹ̀yìn mi." Láàárín ọ̀nà ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó fi orúnkún gúnlẹ̀ kí Màmá má baà ṣubú, ẹ̀jẹ̀ jáde, kò sọ Màmá kalẹ̀ títí wọ́n fi dókè. Mo na ẹgbẹ̀rún méjì sí i. Ó ní, "Ẹ ti san tèmi. Ẹ fi ra omi fún Ìyá."

Ọdún 1995 ni wọ́n ti kọ Erédò sínú ìwé àwọn ibi tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà àti ibi ìtàn, lè gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé. Títí dòní, kò sí àtẹ̀gùn, kò sí ohun ìdìmú, ọ̀rá píọ̀wọ́tà sì wà nínú yàrà! Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún un. Màmá ní kí n fún un ní márùn-ún, wọ́n sì ti ní lẹ́yìn Iléyá tó ń bọ̀, a tún ń lọ.