Ṣọ́ọ̀bù Kékeré Kan ní Àgbádárìgì

Ẹ̀yin oníṣòwò Ìbàdàn tí ẹ ń wá ojú ọjà létí òkun, ṣọ́ọ̀bù oníyàrá kan tí mo yẹ̀ wò ní Àgbádárìgì, nítòsí ọ̀sà, wà lójú ọ̀nà dáadáa, nítorí pé àwọn àlejò tí ń lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1845, a máa gba ibẹ̀ kọjá. Ilẹ̀kùn onírin rẹ̀ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lọ́dà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti jẹ ẹ́ nísàlẹ̀ débi pé ìpẹtà ń já bọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń ṣí i. Irin kì í tètè rí irú ìyà bẹ́ẹ̀ ní Gbági wa. Owó ilé kò wọ́n jù. Bí onílé kò bá pààrọ̀ ilẹ̀kùn náà, ẹ ní kí ó yọ owó rẹ̀ kúrò.