Àpò ìpọnmọ oníbẹ́líìtì: ìbàdí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe èjìká

Bí ẹ bá fẹ́ ra àpò ìpọnmọ tí ẹ ó máa fi gbé ọmọ jáde lójoojúmọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ èjìká rẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ wò. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń tà á máa ń nawọ́ sí: wọn á fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù rẹ̀, wọn á ní kí ẹ wo bó ṣe rọ̀ tó. Ó rọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti lo irú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìgbà tí ọmọ mi wà ní ìkókó títí tó fi ń sáré kiri inú ilé, ohun tó sì dá mi lójú ni pé ibi méjì ni ìtura ti ń wá: bẹ́líìtì tó wà ní ìbàdí ẹni tó gbé ọmọ, àti ìjókòó tó wà lábẹ́ itan ọmọ. Bí méjèèjì bá dáa, fóòmù èjìká lè tín-ín-rín, kó má sì sí wàhálà kankan. Bí wọn ò bá dáa, kò sí fóòmù tó lè gba èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀yìn ríro.

Èyí tí mo ń lò báyìí ni irú tí wọ́n rán bí àpò: bẹ́líìtì kan nísàlẹ̀, aṣọ tó bo ẹ̀yìn ọmọ, okùn èjìká méjì, àti àwọn ìdè ike tó máa ń dún “kẹ́” bí wọ́n bá ti wọnú ara wọn. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Irú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, bí ẹ ó ṣe dá èyí tó dáa mọ̀ ló jẹ mí lógún.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí bẹ́líìtì náà díẹ̀. Orí eegun ìbàdí ló yẹ kó jókòó sí, kì í ṣe orí ikùn. Kí ẹ tó gbé ọmọ sí i rárá ni kí ẹ ti dì í, kí ẹ fà á títí tí kò fi ní yọ̀ wálẹ̀ bí ẹ bá ń rìn. Bó bá rọ̀ dẹngbẹ, ìwúwo ọmọ á fa gbogbo àpò náà sísàlẹ̀, èjìká nìkan ni yóò wá máa gbé e. Kí èèyàn tó rìn jìnnà, ọrùn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé: bí ọmọ bá ti jókòó tán, màá ki ìka méjì bọ abẹ́ okùn èjìká lókè pátápátá. Bí ìka náà bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ìbàdí ló ń gbé ẹrù. Bó bá fún mọ́ ìka, màá gbé ọmọ jáde, màá tún bẹ́líìtì dì láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í gba àkókò, ìyàtọ̀ tó sì ń mú wá kò kéré.

Bẹ́líìtì tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù máa ń gé èèyàn lára. Èyí tó fẹ̀ jù tó sì le, ó máa ń gún èèyàn níkùn bó bá jókòó sínú bọ́ọ̀sì. Tèmi le díẹ̀ láàárín, etí rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ sì rọ̀, mo lè jókòó láì tú u. Ẹni tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ọmọ rẹ̀, kó kọ́kọ́ bi dókítà ìgbà tó lè bẹ̀rẹ̀, kó sì dì í sókè kúrò lójú ọgbẹ́.

Okùn kékeré kan tún wà tó so okùn èjìká méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á sí, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì gan-an. Àárín eegun èjìká méjèèjì ló yẹ kó wà. Bó bá gòkè lọ sí ìdí ọrùn, ọrùn á máa dun èèyàn, bó bá sì lọ sísàlẹ̀ jù, okùn èjìká á máa yọ̀ kúrò léjìká. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọwọ́ kì í fẹ́ dé e. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá ti dè é kí n tó wọ àpò náà, màá jẹ́ kí okùn rẹ̀ gùn, màá wá gba orí wọ̀ ọ́ bí ẹni wọ ẹ̀wù. Lẹ́yìn náà ni màá fa okùn ìhà méjèèjì títí tí yóò fi mọ́ra. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe é báyìí, mi ò tún ké pe ẹnikẹ́ni pé kó wá bá mi dè é lẹ́yìn.

Ọkọ mi náà ń lò ó. Ó ga jù mí lọ, àyà rẹ̀ sì fẹ̀, nítorí náà gbogbo ìgbà tó bá bọ́ ọ kúrò lára ni mo gbọ́dọ̀ tún okùn fà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn èyí tí okùn rẹ̀ ṣeé fà síwájú àti sẹ́yìn, tó sì ní rọ́bà kékeré tí èèyàn lè fi ká okùn tó bá ṣẹ́ kù, kó má baà máa fì kiri. Bí ẹni méjì yóò bá jọ máa lò ó, kí àwọn méjèèjì wọ̀ ọ́ wò kí wọ́n tó sanwó.

Ó kan ọmọ báyìí. Bí ẹ bá gbé ọmọ kékeré sókè sí àyà, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ á ká sókè fúnra rẹ̀, á sì là sọ́tùn-ún sósì bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Bó ṣe yẹ kó jókòó nínú àpò náà nìyẹn: orúnkún ga ju ìdí lọ díẹ̀, aṣọ sì gbé itan ró láti ẹ̀yìn orúnkún kan dé ẹ̀yìn ìkejì. Oríkèé itan ọmọ tuntun kò tíì gbó, ó ṣì rọ̀. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ̀ gbọọrọ sísàlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, orí eegun itan lè máa fẹ́ yẹ̀ kúrò nínú ihò tó wà. International Hip Dysplasia Institute, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oríkèé yìí, gbà wá níyànjú pé kí ẹsẹ̀ ọmọ là, kó ká, kí itan rẹ̀ sì ní ohun tó gbé e ró, pàápàá láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Àpò tí ìjókòó rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ pé abẹ́ ìlédìí nìkan ló gbá mú, tí ẹsẹ̀ ọmọ ń fì dirodiro, èmi kì í rà á, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ìjókòó tèmi ṣeé fẹ̀, ó sì ṣeé sún kì. Aṣọ tó ń lẹ̀ mọ́ra ni wọ́n fi ṣe ibi tí èèyàn ti ń yí i. Mo ti ń sún un síta díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Bí mo bá gbé e sí i tán, màá ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan rẹ̀, màá gbé orúnkún rẹ̀ sókè díẹ̀, ìdí rẹ̀ á sì rì wọnú aṣọ náà. Bó bá ti jókòó dáadáa báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ díẹ̀, orí rẹ̀ á sinmi sí mi láyà, kò sì ní pẹ́ sùn. Bí kò bá jókòó dáadáa, á máa fẹsẹ̀ tì mí níkùn, á máa ké. Èmi kì í fọ̀rọ̀ ẹkún yẹn ṣeré mọ́. Itan rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n kí ìtura tó jẹ́ ìtura, ọmọ gbọ́dọ̀ lè mí. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn sí yín nígbàkigbà tí ẹ bá wolẹ̀. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga tó ibi tí ẹ ti lè tẹ orí yín ba kí ẹ fẹnu kò ó. Àgbọ̀n rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀, torí ọ̀fun ọmọ kékeré rọ̀, ó lè pa dé láì jẹ́ kí ó lè ké. Kí ìka kan tàbí méjì lè wọ abẹ́ àgbọ̀n náà. Àpò náà gbọ́dọ̀ mú un mọ́ra tó tí kò fi ní rì sísàlẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, CPSC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ohun tí aráàlú ń rà, kìlọ̀ lórí ọ̀já tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká kan. Wọ́n ní ikú ọmọ 14, ó kéré tán, ló jẹ mọ́ ọn láàárín 20 ọdún, àti pé 12 nínú wọn ni kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Ọmọ tó bá ká kò sínú aṣọ bí ẹni dùbúlẹ̀ ló wà nínú ewu jù. Ní ìnàró ni kí ẹ máa gbé e, bó bá sì mu ọmú tán nínú àpò, ẹ gbé e padà sókè.

Ẹ ka ìwúwo tí wọ́n kọ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi kílò 3.2 tàbí 3.5, wọ́n sì lè dé 15 tàbí 20. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tàbí tó kéré gan-an, dókítà ni kó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Kí n sọ díẹ̀ nípa irú méjì tó kù. Ọ̀já gígùn tó ń fà, tó máa ń tó nǹkan bíi mítà márùn-ún, kò lẹ́gbẹ́ ní oṣù méjì mẹ́ta àkọ́kọ́. Kò ní ike, kò ní ohun tó le, ọmọ á kàn lẹ̀ mọ́ àyà èèyàn. Ṣùgbọ́n inú ilé ni kí ẹ ti wé e tán, torí bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ wé e nígboro, etí rẹ̀ á máa wọ́ nínú ẹrẹ̀. Bí ọmọ bá ti ń wúwo, aṣọ náà á máa rọ̀ wálẹ̀, kò sì ṣeé fi pọn ọmọ sẹ́yìn torí pé ó ń fà. Ọ̀já olóruka, èyí tí wọ́n ń ki etí aṣọ bọ òrùka irin méjì, yá ju gbogbo wọn lọ. Ọmọ tó ń rìn, tó máa ní kí ẹ gbé òun, tó tún máa ní kí ẹ sọ òun kalẹ̀, òun ló dára fún. Èjìká kan ṣoṣo ló sì ń gbé e, nítorí náà mo máa ń pààrọ̀ ọ̀tún sí òsì, mi kì í sì í lò ó fún ìrìn tó jìn.

Àwọn kan rò pé òyìnbó ló ronú kan àpò ìpọnmọ láti inú ara wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ann Moore, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, wà ní Togo pẹ̀lú Peace Corps, ètò ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rán àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó sì rí bí ara àwọn ọmọ tí ìyá wọn pọ̀n ṣe máa ń balẹ̀. Nígbà tó padà sílé tó bímọ tirẹ̀, ìyá rẹ̀ bá a rán àpò kan. Ní 1969 ló gba ìwé ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe nǹkan tuntun lórí rẹ̀, àpò náà sì ni ayé wá mọ̀ sí Snugli. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yẹn.

Ní ti kí ọmọ kọjú síta, àpò tèmi gbà á, ṣùgbọ́n mi ò fi dánrawò títí ọrùn ọmọ mi fi le dáadáa, èyí tó máa ń bọ́ sí àárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Ìgbà díẹ̀ ni, bó bá sì ti ń tòògbé, màá yí i padà, torí kò sí ohun tó máa gbé orí rẹ̀ ró níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ràn jù, ìyẹn nígbà tó ti lè jókòó láì sí ẹni tó dì í mú. Ọwọ́ èèyàn á ṣí, ojú á ríran, ìwúwo á sì pín dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀, ẹ tẹ orúnkún, ẹ má tẹ ìbàdí, ẹ sì fi ọwọ́ kan di ọmọ mú. Ẹ má dúró ti iná tàbí omi gbígbóná pẹ̀lú ọmọ láyà. Nínú ọkọ̀, àga ọmọ ló ń dáàbò bò ó. Kò sí àpò ìpọnmọ tó lè rọ́pò rẹ̀.

Ooru ńkọ́? Ara ẹ̀yin méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, nítorí náà ẹ ka àpò náà mọ́ aṣọ tí ọmọ wọ̀. Mo ra èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ aṣọ oníhò wẹ́wẹ́, atẹ́gùn ń gbà á kọjá, ó sì máa ń tètè gbẹ. Ẹ̀yìn ọrùn ọmọ ni mo máa ń fọwọ́ kàn: bó bá ti ń làágùn, màá bọ́ ẹ̀wù kan kúrò lára rẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni pé aṣọ oníhò yìí máa ń ha itan ọmọ bí etí rẹ̀ bá le, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ ra etí rẹ̀ kí ẹ tó rà á.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù ni ẹ fẹ́ rà, ẹ fa gbogbo ìránṣọ rẹ̀ wò níbi tí okùn ti pàdé bẹ́líìtì, ẹ de ìdè ike rẹ̀ kí ẹ sì tú u lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ wá àkọlé ìwọ̀n ìdáàbòbò lára rẹ̀: ASTM F2236 ni ti Amẹ́ríkà, EN 13209-2 ni ti Yúróòpù. Àwọn ayédèrú pọ̀, wọ́n jọ ojúlówó lójú, ṣùgbọ́n ike wọn lè dá lójijì.

Ó ku fìlà tí wọ́n fi ń gbé orí ọmọ ró bó bá sùn. Ti àpò mi kéré, bọ́tìnì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn okùn èjìká níbi tí ọwọ́ kan ò lè dé, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ọmọ bá ti sùn gan-an ni èèyàn ń wá a. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é, wọn ò tíì fèsì. Mo gbé e fún aránṣọ, ó yọ bọ́tìnì náà, ó rán okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sípò rẹ̀ níwájú. Ọwọ́ kan ni mo fi ń so ó báyìí.