F1-ATPase tàbí mọ́tò ìrù bakitéríà: èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí agbára kẹ́míkà ṣe ń mú nǹkan yí. F1-ATPase (F1 ni mo máa pè é) jẹ́ ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ ATP, kẹ́míkà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rí agbára, tí ọ̀pá àárín rẹ̀ sì ń yí; mọ́tò ìrù ni ẹ̀rọ kékeré tó ń yí ìrù tí bakitéríà fi ń wẹ̀.

Ní ti ìnáwó, mọ́tò ìrù ló rọjú. Ẹ gé ìrù E. coli kúrú, ẹ fi áńtíbọ́dì (purotéènì tó ń di ìrù náà mú) lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, ara bakitéríà fúnra rẹ̀ á máa pòòyì lábẹ́ máíkírósíkóòpù lásán. Bí Silverman àti Simon ṣe fi hàn ní 1974 nìyẹn. F1 le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ ó yọ ẹ́ńsáìmù náà, ẹ ó fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ ó dè é mọ́lẹ̀, kí ẹ tó so ohun tí ojú lè rí mọ́ ọ̀pá àárín rẹ̀. Fọ́nrán áktìn (purotéènì kan) tó ń tàn ni àwọn ará Jàpáánù lò ní 1997.

Ṣùgbọ́n tó bá di ìṣirò, F1 ni baba. ATP kan, ìṣísẹ̀ 120°. Mẹ́ta, ó yí po. Ẹ dín ATP kù, ẹ ó rí i tó ń fò, tó ń dúró, bí ọwọ́ aago. Mọ́tò ìrù kì í lo ATP láti yí. Prótọ́ọ̀nù (áyọ́ọ̀nù háídírójìn) tó ń ṣàn wọ inú bakitéríà ló ń tì í. Bí bakitéríà bá ń wẹ̀, ó lè yí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kíka ìṣísẹ̀ rẹ̀ á wá dogun. Ó tún máa ń ṣàdédé yí sí òdì kejì (adùn rẹ̀ nìyẹn, lójú tèmi).

Bó bá jẹ́ ìwà bakitéríà lẹ ń wá, tówó ò sì tó, ẹ mú ìrù. Bó bá jẹ́ agbára tó wọlé àti iṣẹ́ tó jáde lẹ fẹ́ wọ̀n, tí ẹ sì ní ẹni tó mọ purotéènì fọ̀ mọ́, ẹ mú F1.