Ìfiwéra ẹ̀rọ amúlémóoru mẹ́ta fún ọkọ̀-ilé: èwo ni omi inú rẹ̀ rọrùn jù láti tọ́jú?

Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀-ilé, ìyẹn ọkọ̀ tí a ṣe ibùsùn, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ sínú rẹ̀, a máa béèrè bí ẹ̀rọ amúlémóoru rẹ̀ ṣe lágbára tó àti irú epo tó ń jẹ. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ èyí tó ń fi pọ́ǹpù darí omi gbígbóná káàkiri inú páìpù, mo rọ olùrà pé kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun mìíràn: báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé omi inú rẹ̀ kò dín, kí sì ni a ń bù kún un nígbà tó bá dín? Bí omi bá lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé, pọ́ǹpù á máa yí lásán, bọ́ílà, ìyẹn ibi tí omi ti ń gbóná, á gbóná kọjá ààlà títí ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀ yóò fi pa iná, àwọn tó sùn sínú ọkọ̀ ní òru òtútù á sì rò pé epo ló tán.

Ìdí tí ìtọ́jú fi yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí èkejì ni pé omi a máa fẹ̀ bó bá ń gbóná. Láti ìwọ̀n 20 sí 80 lórí ìwọ̀n Celsius, omi lásán ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 3 nínú 100, omi tí a po glycol mọ́, ìyẹn èròjà olómi tí kì í jẹ́ kí omi tètè dì, sì ń fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ẹ̀rọ tó gba lítà 15, àfikún yìí á tó nǹkan bí ìdajì lítà, ó sì gbọ́dọ̀ ríbi lọ. Ibi tí olùṣe ẹ̀rọ pèsè fún un ni ó ń pinnu irú iṣẹ́ tí yóò máa kan ẹni tó ni ọkọ̀.

Táǹkì tí kò ní ìtìpá: Alde

Alde ti orílẹ̀-èdè Sweden ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀-ilé ilẹ̀ Yúróòpù ń lò, pàápàá Compact 3020 àti 3030, tí wọ́n ń lo gáàsì àti iná mànàmáná. Omi tó fẹ̀ ń gòkè lọ sínú táǹkì kékeré oníke kan tó ní ìlà ìsàlẹ̀ àti ìlà òkè. Bí ẹ̀rọ bá tutù, omi yẹ kí ó wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lókè ìlà ìsàlẹ̀. Bó bá gbóná, yóò gòkè. Ìwọ̀n ojú ni gbogbo àyẹ̀wò náà, kò gba irinṣẹ́ kankan, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé òun ló rọrùn jù fún ẹni tó ń ra ọkọ̀-ilé fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n nítorí pé táǹkì náà kò ní ìtìpá, ìyẹn agbára tí omi tí a dé pa fi ń ti ara ohun tó wà nínú rẹ̀, omi inú rẹ̀ ń di oru fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, glycol kì í sì fẹ́ lọ bíi ti omi. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni omi fẹ́ lọ, èyí tó kù ti nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó bá sì tún bu àpòpọ̀ omi àti glycol kún un ń sọ ọ́ di èyí tó nípọn sí i ni. Omi tí a ti yọ gbogbo èròjà kúrò nínú rẹ̀, irú èyí tí a ń bù sínú bátìrì ọkọ̀, ló yẹ kí ó bù. Bó bá sì jẹ́ pé ó jò níbì kan, omi àti glycol ló jọ lọ, àpòpọ̀ náà ló sì yẹ kí a fi dí i. Ohun tó sọnù ni ó ń sọ ohun tí a óò dá padà, a kò sì lè mọ̀ ọ́n láì wọn bí àpòpọ̀ ṣe nípọn tó.

Bọ́ílà pẹ̀lú ìgò àkúnwọ́sílẹ̀: Aqua-Hot

Aqua-Hot ti Amẹ́ríkà wọ́pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀-ilé ńlá, ó sì ń lo dísẹ́ẹ̀lì àti iná mànàmáná. Ìdérí bọ́ílà rẹ̀ ń di ìtìpá mú bíi ti rédíétọ̀ ọkọ̀. Nígbà tí omi bá gbóná, ìdérí yóò jẹ́ kí àfikún rẹ̀ kọjá sínú ìgò oníke kan. Nígbà tó bá tutù, bọ́ílà yóò fa omi náà padà. Ìlà méjì ló wà lára ìgò, ọ̀kan fún ìgbà òtútù, ọ̀kan fún ìgbà ìgbóná, nítorí náà ẹni tó bá wo ìgò láì mọ̀ bóyá ẹ̀rọ gbóná tàbí ó tutù kò tíì mọ nǹkan kan.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé omi kì í tètè fẹ́ lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ìgò lè tan ènìyàn jẹ. Bí rọ́bà ìdérí bá ti gan, tàbí tí páìpù kékeré tó lọ sínú ìgò bá sán, bọ́ílà yóò máa fa afẹ́fẹ́ dípò omi, ìgò á kún dáadáa nígbà tí bọ́ílà fúnra rẹ̀ ń gbẹ lọ. Kí olùrà wo ìgò nígbà tí ẹ̀rọ tutù, kí ó tan ẹ̀rọ títí yóò fi gbóná tán, kí ó tún wò ó. Bí omi inú ìgò kò bá gòkè rárá, kí ó fura. Kò sì gbọdọ̀ ṣí ìdérí bọ́ílà nígbà tó gbóná, nítorí omi náà lè tú jáde kí ó sì bó o lára.

Èyí tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì: Eberspächer àti Webasto

Àwọn ilé-iṣẹ́ Jámánì méjèèjì yìí ń ṣe ẹ̀rọ kékeré tó ń mú kúláǹtì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, gbóná. Ó dùn mọ́ni pé ẹ́ńjìnnì á ti móoru kí a tó tan án, àti pé bí a bá ń wakọ̀, ooru ẹ́ńjìnnì lè mú inú ilé móoru. Síbẹ̀, bí páìpù kan bá jò lábẹ́ ibùsùn, kúláǹtì ẹ́ńjìnnì ló ń lọ yẹn, òtútù nìkan kọ́ sì ni ìyà rẹ̀. Èyí tí mo lè gba olùrà níyànjú láti rà ni èyí tí wọ́n fi pàṣípààrọ̀ ooru, ohun tó ń gbé ooru láti inú omi kan sínú èkejì, sáàárín, tí omi ilé àti ti ẹ́ńjìnnì kò fi pàdé. Nígbà náà, ìwọ̀n omi méjì ni yóò máa wò, ṣùgbọ́n jíjò ọ̀kan kò ní ba èkejì jẹ́.

Irú omi tó wà nínú rẹ̀

Nínú oríṣi glycol méjì, ethylene glycol ń dènà dídì díẹ̀ ju propylene glycol lọ: bí a bá fi omi pò ó ní ìdajì sí ìdajì, ti àkọ́kọ́ kì í dì títí dé nǹkan bí ìwọ̀n 37 nísàlẹ̀ òdo, èkejì títí dé nǹkan bí 33. Ṣùgbọ́n májèlé ni ethylene glycol, ó sì ń dùn lẹ́nu, èyí tó mú kí ó léwu fún ọmọdé àti ajá. Níbi tí omi ìwẹ̀ bá ti ń gba inú bọ́ílà kan náà kọjá, propylene ni èmi yóò yàn bí olùṣe ẹ̀rọ bá fàyè gbà á. Ẹ má ṣe lo omi aláwọ̀ osùn tí wọ́n ń tà fún páìpù omi mímu nígbà òtútù. A kò ṣe é fún bọ́ílà.

Àwọ̀ kò sọ irú tí omi jẹ́, nítorí olúkúlùkù olùṣe ló ń yan àwọ̀ tó wù ú. Refractometer, irinṣẹ́ kékeré tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí omi ṣe nípọn tó, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì ka ìlà tó bá irú glycol inú ẹ̀rọ mu. Èròjà tó ń dènà ìpata inú rẹ̀ náà ń tán: ní ti Alde, irú omi ti àtijọ́ yẹ fún pípààrọ̀ ní ọdún méjì-méjì, àwọn irú tó ń pẹ́ lè tó ọdún márùn-ún. Bí ó bá ti gbó, ó ń kan, ó sì ń jẹ alumíníọ̀mù.

Àmì kan wà tí àwọn olùrà kì í kà sí: omi tó ń pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bù kún un. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ihò wà láàárín omi ìwẹ̀ àti omi ẹ̀rọ, tí èyí tí pọ́ǹpù ìwẹ̀ ń tì sì ń wọ inú èkejì. Ọkọ̀ tó bá ní àmì yìí, ẹ má san owó rẹ̀ títí wọn yóò fi tún bọ́ílà ṣe. Bí ẹni tó ń tà á kò bá ní àkọsílẹ̀ irú glycol tó wà nínú rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ ka ọkọ̀ náà sí èyí tí a ní láti da gbogbo omi inú rẹ̀ nù kí a sì fọ páìpù rẹ̀, kí ẹ sì yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tí ẹ óò san.