Wimbledon láti orí ìlà: ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì 30 pọ́ùn rà fún wa

Ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn, ló kọ́kọ́ rí ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì Centre Court, pápá tó tóbi jù ní ìdíje tẹ́nìsì Wimbledon ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 600 pọ́ùn ẹnì kan, ó sì ku díẹ̀ kí ó tẹ nọ́ńbà káàdì báǹkì rẹ̀ síbẹ̀ kí n tó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ní sùúrù. Ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì Wimbledon ni kò ṣeé tà fún ẹlòmíràn, ẹni tí ó bá sì gbé irú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà lè padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ohun tí a wá ṣe ni mo fẹ́ ṣàgbéyẹ̀wò rẹ̀ níhìn-ín: a lọ tò sórí ìlà.

Wimbledon jẹ́ ọ̀kan nínú ìdíje ńláńlá díẹ̀ tí ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì ṣì lè dé ibẹ̀ ní ọjọ́ eré gan-an, kí ó sì rà á ní iye tí àwọn tó ni ín fi lé e. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ìdíje náà, nǹkan bí 500 tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pápá ńlá mẹ́ta tó wà níbẹ̀. Bí ìwọ̀nyẹn bá tán kí ó tó kàn ọ́, tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà ni wàá rà, 30 pọ́ùn sì ni ní ọdún 2024 tí a lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì yìí kò ní àga kankan nínú Centre Court, ṣùgbọ́n ó fún ọ láǹfààní láti wo eré ní àwọn pápá kéékèèké, kí o sì jókòó sórí òkè tí gbogbo èèyàn ń pè ní Henman Hill, níbi tí amóhùnmáwòrán gàgàrà kan wà.

Alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Keje ni a dé ibẹ̀, kí a lè sun orí ìlà mọ́jú. Southfields ni kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, kì í ṣe ibùdókọ̀ tí ń jẹ́ Wimbledon, nítorí láti Southfields ni ọ̀nà ti súnmọ́ ìlà jù. Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní káàdì tí nọ́ńbà ipò rẹ̀ lórí ìlà wà lára rẹ̀, a sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé a ti pẹ́ jù fún pápá ńlá, nítorí nọ́ńbà wa ti kọjá 2,000. Ọjọ́ náà ni wọ́n dìbò gbogboogbò ní Ìlú Ọba, a sì ti dìbò tiwa kí a tó gbéra. Láti aago mẹ́wàá alẹ́, iná fóònù ń tàn nínú àgọ́ kan sí òmíràn bí ẹni pé gbogbo ọgbà náà gbé fìtílà kalẹ̀, tí wọ́n ń ka èsì ìbò. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru ni òjò bẹ̀rẹ̀, ìgbà náà ni mo sì mọ irú àgọ́ tí mo rà ní ọ̀pọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ. Omi ń kán sí ọ̀rẹ́ mi níwájú orí. Ó dìde jókòó, ó ní, "Ọ̀rẹ́, ṣé àgọ́ lo rà ni, àbí asẹ́?"

Kí aago mẹ́fà tó lù dáadáa, àwọn tó ń bójú tó ìlà ti ń jí gbogbo èèyàn pé kí a ká àgọ́, kí a sì sún mọ́ ara wa. Ní ti oúnjẹ, inú mi dùn púpọ̀, nítorí wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbé tirẹ̀ wọlé. Mọ́ínmọ́ín tí a sè ní Peckham ni a jẹ lórí ìlà, a sì tọ́jú ìyókù di ọ̀sán. Nínú ọgbà, sitirọ́bẹ́rì àti kírímù nìkan ni a rà, 2.50 pọ́ùn abọ́ kan, iye tí kò yí padà láti ọdún 2010 títí di ọdún 2024 tí a lọ.

Òjò kò jẹ́ kí a rí eré pàtó ní àwọn pápá ìta. Bí ó bá ti ń ṣú ni àwọn òṣìṣẹ́ ń sáré fa aṣọ ìborí bo koríko náà, èyí tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ dé ìwọ̀n mìlímítà 8 péré. Orí òkè ni ọjọ́ wa ti dùn. Frances Tiafoe, ọmọ Amẹ́ríkà tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Sàró, ń bá Carlos Alcaraz, tí ó gba ife ẹ̀yẹ ní 2023, fà á ní Centre Court, tí ó ní òrùlé tí wọ́n ń pa dé bí òjò bá ń rọ̀, ó sì ti ṣáájú ní abala 2 sí 1. Lábẹ́ agboòrùn kan ṣoṣo ni ọ̀rẹ́ mi ti rántí ìtàn tí bàbá rẹ̀ máa ń sọ nípa Nduka Odizor, ọmọ Nàìjíríà tí Guillermo Vilas gba abala méjì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbí yìí ní 1983, tí ó sì gba mẹ́ta tó kù láti lé e lọ sílé, bẹ́ẹ̀ Vilas ni wọ́n kà sí ẹnì kẹrin láàárín àwọn tó ṣeé ṣe kí ó borí. Ó ní irú rẹ̀ náà nìyí. Irú rẹ̀ kọ́ o. Alcaraz gba abala kẹrin ní 7-6, ó sì fi 6-2 parí rẹ̀. Ẹni tó jókòó níwájú wa, tí a kò mọ̀ rí, yí padà, ó bọ̀ wá lọ́wọ́ bí ẹni pé àwa ni wọ́n nà.

Ohun kan ṣoṣo ló dùn mí. Bí àwọn tó ní àga ní pápá ńlá bá ń lọ sílé nírọ̀lẹ́, wọ́n lè dá tíkẹ́ẹ̀tì wọn padà, kí àwọn tó wà nínú ọgbà sì tún un rà ní 10 tàbí 15 pọ́ùn, tí owó náà ń lọ fún iṣẹ́ àánú. Orí fóònù ni wọ́n ti ń tò fún èyí, ọ̀rẹ́ mi sì ti fi gbogbo òru ka èsì ìbò títí bátìrì rẹ̀ fi kú pátápátá, bẹ́ẹ̀ tèmi wà nínú àpò tó rin gbindin.

Ẹni tí kò lè dúró pẹ́, tàbí tó ń mú ọmọdé lọ, kò yẹ kí ó sun orí ìlà yẹn. Fún èmi, 30 pọ́ùn náà kò ṣòfò pẹ̀lú gbogbo òjò rẹ̀, n ó sì tún lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n ó wo ojú ọ̀run kí n tó mú ọjọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ni yóò ra àgọ́ lọ́tẹ̀ yìí.